Orúkọ Gúntà Tí Mo Ń Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti oṣù kẹta ọdún yìí. Ǹ bá gbé e mì, àmọ́ wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún ọmọ tuntun kan níparí oṣù, ọ̀rọ̀ náà sì ti kan ọmọ ọlọ́mọ.

Tìmótíù lorúkọ mi, ọmọ Afo ni mí. Nígbà tí mo wáṣẹ́ lọ sílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ọ̀wọ̀, ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n mú ètò kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi kọ wá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni n ó ti rí i? Èkó ni mo gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì háyà. Mo gba ètò kan tí wọ́n fi Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà kan lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ èkejì, kí tọ̀hún sì dá a lóhùn. Àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ ni. Kí ẹni tó bá lò ó ṣáà fi orúkọ àwọn sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo pa orúkọ wọn rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ojú mi fo ọ̀kan. Bí mo ṣe tan ètò náà níwájú ọ̀gá, gàdàgbà ló yọ sójú kọ̀ǹpútà: Gúntà ló kọ ètò yìí.

"Ta ni Gúntà?"

"Èmi ni, sà. Orúkọ ìsàmì mi ni."

Yéè, ẹnu mi! Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, mo ríṣẹ́, mo sì di Bọ̀dá Gúntà fún gbogbo ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kan màmá mi ru iṣu wá láti Afo, wọ́n ní Tìmótíù làwọn ń wá. Àwọn ará ọ́fíìsì ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jáde. Garáàjì ni mo ti sáré bá màmá mi. Ojú tì mí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ọ̀gá ti bí ọkùnrin lẹ́yìn obìnrin mẹ́rin. Ọ̀gá ní orúkọ ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ pé jù lójú òun lọmọ náà máa jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gúntà ni o! Èmi náà ni bàbá ìsàmì. Àlùfáà á ní, "Sọ ọmọ yìí lórúkọ," èmi ni n ó sì dáhùn.

Gúntà, níbikíbi tó o bá wà, jọ̀ọ́, forí jì mí. Orúkọ ẹ nìkan lo ní ká bá ẹ tọ́jú. Mo mà tọ́jú ẹ̀ jù.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àbí kí n dákẹ́, kí ọmọ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ máa gbé ẹrù olè mi kiri títí ayé ẹ̀?