Ìpín Ọkọ Nínú Páálí Oògùn

Ní ọjọ́ ìkẹyìn tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà, a ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní kẹ́míìsì kan l'Ọ́wọ̀ nígbà tí obìnrin ará Ìpele kan sáré wọlé, ó sì kígbe sí nọ́ọ̀sì tó ń tajà níbẹ̀:

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbé! Nínú páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí yẹn, mo lo gbogbo funfun, mo fún ọkọ mi ní búráùn méje. Mo rò pé ìpín tirẹ̀ ni! Ṣé mo ti tún lóyún?”

“O bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun lẹ́yìn ọjọ́ méje?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò séwu. Inú funfun ni oògùn tó ń dènà oyún wà. Irin tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ ni búráùn.”

“Ha! Abájọ tó fi ń kọ ebè bí ọmọ ogún ọdún!”

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín títí a fi délé: “Ìpín tirẹ̀!” Òun ló máa ń yọ oògùn mi fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo ka ara páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi fúnra mi, mo yọ ìpín tèmi, mo sì gbé e mì.