Èmi Ni Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Dókítà fún Wàsíù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mi ò bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú, àmọ́ ẹ̀mí aláboyún kan àti ọmọ inú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ báyìí. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Treichville ní Abidjan ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Mo gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan. Kì í ṣe fáàrí o, ẹ bi àwọn àgbà Adjamé, wọ́n á sọ fún yín. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwa Ànàgó, ìyẹn àwa Yorùbá ibẹ̀, ní kí n wá ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ wa. Mo rò pé ohun tí mo bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn nìyẹn. Irọ́ ni. Táwọn ọmọ bá bi mí pé báwo ni mo ṣe máa ń gba àárín èèyàn mẹ́ta kọjá, màá ní, "Ẹ ṣáà máa wò mí." Wọ́n wò mí títí, wọn ò rí nǹkan kan mú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòṣì kọ́ ni mí. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní àfi kí n gba ife kan kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Wàsíù ló máa gbà á fún mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni, kò gbọ́ Faransé rárá, ilé mi ló sì ń gbé. Há, ẹ ò rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn! Èmi gan-an, mo máa ń la ẹnu sílẹ̀ ni tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí a gbá àṣekágbá ni orúnkún rẹ̀ wú. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abidjan mọ bó ṣe máa ń rí: àwa tí wọ́n bí síbí la máa ń ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà wo orúnkún náà, ó kọjú sí mi, ó ní, "Repos. Toute la saison." Ó ní kó má gbá bọ́ọ̀lù kankan títí sáà yẹn á fi parí, pé tó bá gbá a, ẹsẹ̀ yẹn á bàjẹ́.

Wàsíù ń wo ẹnu mi. "Kóòṣì, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kí o máa fi òrí ra á."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orúnkún wíwú láìmọye ìgbà. Mo dè é, mo sáré, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo rò pé bí ara tèmi ṣe rí ni ara gbogbo èèyàn rí. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.

A gba ife náà. Wàsíù ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ibẹ̀ náà ló ṣubú sí. Wọ́n gbé mi sí èjìká, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè níbẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo gbé e lọ, kí dókítà yẹn má baà rí wa.

Láti ìgbà náà ló ti ń tiro. Ó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Zone industrielle báyìí. Kò bínú sí mi rí. Dókítà ló ń bú. Ó ní dókítà ló ba ayé òun jẹ́, òun ò ní gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́ láéláé.

Ìyàwó rẹ̀, Ṣàdíà, ti fẹ́ bímọ. Ọmọ náà dábùú nínú. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtìyá àtọmọ lè bá a lọ. Wàsíù fi àáké kọ́rí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Niangon lánàá. Mo ní, "Wàsíù, dákun, gbọ́ ti dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ tún ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí etí yín ni dókítà ṣe sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe orúnkún mi?"

Omi dé ojú mi, mo ní eruku ni.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Faransé tòun, ti ọjà lásán ni, ó ní òun fẹ́ kí n bá òun sọ ọ́ dáadáa kó yé dókítà pé àwọn ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ.

Ó ti wá sí mi lọ́kàn pé kí n tún yí ọ̀rọ̀ po, kí n sọ fún dókítà pé wọ́n ti gbà. Irọ́ lórí irọ́. Tí mo bá sì jẹ́wọ́, ó lè ní mo kàn ń purọ́ kí òun lè gbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù tán ni, pé àwọn máa fi tákísí yà gbé mi láàárọ̀ ọ̀la.

Mo ní ó dáa.