Ohùn Tí Wọ́n Ń Wá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì, Ohùn Mi Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ni fíìmù tí mo dà kọ ránṣẹ́ pé àwọn ń wá mi. Wọn kò mọ orúkọ mi, wọn kò mọ ojú mi. Ohùn mi nìkan ni wọ́n mọ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Inú dídùn yẹn ló ń dá mi lẹ́bi jù.

Ọmọ Ègùn ni mí, ní Àjídò. N kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Onítìjú ni mí. Bí àlejò bá gba iwájú ilé wa wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni èmi máa ń gbà jáde. Ìdí nìyí tí inú ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, fi dùn nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sẹ̀tọ́njí gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ọmọ Ègùn ni òun náà. Fíìmù ló ń yá àwọn ènìyàn. Ó ní tẹlifíṣọ̀n kan àti ẹ̀rọ fídíò méjì. Bí oníbàárà bá wọlé tí mo dorí kodò, á ní, "Àbúrò mi, gbé orí sókè. Fíìmù ni wọ́n wá yá, wọn kò wá yá ẹ."

Nígbà náà ni fíìmù kan dé láti ọwọ́ ẹgbẹ́ eléré kan ní Èkó. Ìtàn olorì kan ni, tí àwọn orogún rẹ̀ pa irọ́ mọ́ títí wọ́n fi lé e kúrò láàfin. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ. Mo kà á. N kò ní sọ pé n kò kà á.

Mo mú un lọ sílé láti fi han Ìyá àgbà àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja. Yorùbá kò yé wọn tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ olorì wù wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bèèrè pé, "Kí ló wí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn ní Ègùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn bá àwọn tó wà lẹ́yìn wí pé, "Ẹ dákẹ́, olorì ń sọ̀rọ̀." Èmi ló ń wò, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnikẹ́ni kò dákẹ́ nítorí tèmi rí.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lọ ra òfìfo kásẹ́ẹ̀tì ní Kútọnu, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Mo so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí èkejì lè da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo ki máìkì bọ ihò tó wà níwájú èkejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo mú kí ohùn mi nípọn fún ọba. Mo gba imú sọ̀rọ̀ fún orogún. Olorì ni mo fún ní ohùn tèmi gan-an. Níbi tí ìránṣẹ́ ti kí ọba láàárọ̀, mo ní, "A fọ́n gánjí à?", bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Adìyẹ aládùúgbò wa ké láàárín ìdájọ́, n kò dúró. Nígbà tí olorì sunkún, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, n kò tíì mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ìyá àgbà nìkan ni mo ṣe é fún. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náà kò jókòó. Ó kọjá omi lọ sí Gbẹrẹfu. Epo bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n lábẹ́ ìjọba ológun, síbẹ̀ àwọn apẹja ń da epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn sínú jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n lè wo fíìmù, wọ́n á sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sójú omi lọ́jọ́ kejì. Mo lọ ra àgbọn níbẹ̀, mo bá àwọn ọmọdé tó ń fi ọ̀rọ̀ tí mo fi sẹ́nu orogún bú ara wọn. Mo dojú bolẹ̀ sínú ọkọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn eléré náà fúnra wọn gbé fíìmù wọn wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Àgbádárìgì, pẹ̀lú owó ìwọlé. Ọkọ̀ kún láti Àjídò àti Gbẹrẹfu. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Inú máníjà wọn ń dùn. Wọ́n paná, ọba lanu, Yorùbá ló sọ.

Obìnrin kan wá ní, "Kì í ṣe ohùn ọba nìyí."

Òmíràn ní, "Obìnrin yẹn dà? Ẹ fún wa ní obìnrin yẹn."

Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdájọ́, ìyá arúgbó kan ní iwájú bèèrè pé, "Adìyẹ ńkọ́?"

Máníjà tan iná. Ó ní, "Adìyẹ wo, mọ́mì?"

Àwọn ará Gbẹrẹfu, tí wọn kò mọ ẹni tó ni ohùn náà, kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀, títí kan orúkọ ṣọ́ọ̀bù Sẹ̀tọ́njí tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Máníjà ní, "Ẹ̀rọ méjì lo ní. Kí lò ń fi èkejì ṣe? Ò ń fi yan ẹja ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí fẹ́ lanu, mo fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n lọ kó ẹ̀rọ méjèèjì sínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní sójà ni ẹ̀gbọ́n òun, kò sì sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú Bọ̀ọ̀dá. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó ní, "Àbúrò mi, kò sí iṣẹ́ mọ́. Má bínú." Òun ló bẹ̀ mí.

Nígbà tí mo padà sílé, Ìyá àgbà kò wojú mi. Ó kàn ní, "Ohùn rẹ ni wọ́n gbọ́, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n mú."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an wá sí Àjídò. Máníjà ti rí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ti wò ó tán. Ó ní àwọn ti wá mọ̀ pé èrò pọ̀ létí omi tí àwọn kò ronú kàn rí. Àwọn fẹ́ ṣe fíìmù ní Ègùn, ẹni tó ni ohùn yẹn ni àwọn sì ń fẹ́. Ìjanikin ni wọ́n ti ń dán eré tuntun wò. Bí ẹni náà bá yọjú, àwọn á dá ẹ̀rọ padà. Àwọn obìnrin Àjídò mọ̀ pé èmi ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní pańpẹ́ ni, wọ́n sì pa ẹnu mọ́.

Bọ̀ọ̀dá bi mí bóyá mo mọ ẹni náà. Mo mi orí pé rárá. N kò lè lanu, torí ó ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, á sì dá ohùn mi mọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bó o bá rí i, sọ fún un pé orogún tó ṣe nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín." Ó sì lọ.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo mú láìtọrọ. Àwọn eléré yẹn ṣe wàhálà kí wọ́n tó rí i ṣe, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ sáré lọ sí Ìjanikin, ẹ̀rọ á padà wá, èmi á sì rí iṣẹ́ tí ara mi ń yá gágá sí, ẹnu àlejò ni Bọ̀ọ̀dá á sì ti gbọ́ pé èmi ni. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá a, ó lè fi ìbínú dí ọ̀nà mi. Ìbínú náà á sì tọ́ sí i.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá ni n ó kọ́kọ́ lọ bá, kí àwọn eléré tó kúrò ní Ìjanikin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ wí?