Ẹyin Adìẹ Màmá àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fúnmi

Ògo! Mo ní ògo! Ẹ̀yin ará Ẹ̀gùá, ẹ ò tíì pariwo tó! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì bọ́dà! Halelúyà!

Ẹni tó rí Fúnmi ọmọ mi lọ́dún èṣí, tó tún rí i lónìí, á mọ̀ pé Ọlọ́run kì í sùn. Èéyi ló kọ́kọ́ ṣe é. Èéyi lọ, ó fi egbò sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Erìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́, egbò náà ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá wú bí ẹni gbé agbálùmọ̀ sẹ́nu. Ẹnu ọmọ mi ń rùn! Ọmọ ọdún mẹ́rin! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ bá a ṣeré mọ́. Mo sunkún, ẹ̀yin ará. A fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a ra oògùn ní kẹ́mísì. Egbò yìí kàn ń wò wá ni.

La bá gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó. Dókítà tan iná sí i lẹ́nu, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, bí egbò yìí bá jẹ ẹran ara ju báyìí lọ, á dá ihò sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tiẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹ̀. Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Mo ní, "Ẹ̀kọ ni, sà. Tàárọ̀ talẹ́. Òun ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Ẹja ńkọ́? Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹyin?"

Màmá, ìyá ọkọ mi tí wọ́n bá mi lọ, fò dìde! "Ẹyin kẹ̀? Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ wa di olè ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ta ni wọn ò sọ fún ní kékeré níbí pé ẹyin ló ń sọ ọmọ di olè? Èmi náà gbà á gbọ́. Ìgbà Sáàpù tí gbogbo nǹkan gbówó lórí la wà, ẹran ò sí lọ́bẹ̀, adìẹ Màmá sì kún ẹ̀yìnkùlé!

Dókítà ò bínú. Ó ní, "Màmá, ẹni tó bá wà láàyè là ń kọ́ kó má jalè. Abẹ́rẹ́ mi á pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ara fi ń hu ẹran tuntun. Ẹ̀kọ nìkan ò lè dí ojú egbò yìí."

A délé, Màmá gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà, wọ́n lé àgbébọ̀ kúrò lórí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Wọ́n sè é, wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀kọ. "Fúnmi, lanu. Bó o bá jalè, èmi ni mo rán ọ."

Jésù, o ṣé o! Ẹyin lónìí, ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́la, ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, abẹ́rẹ́ dókítà náà ò sì dúró. Òórùn lọ! Wíwú wálẹ̀! Erìgì ò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́! Egbò pa ojú dé, kò dá ihò kankan! Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

Ìwọ tí egbò ọmọ rẹ ò san, má bọ́hùn. Gbàdúrà, gbé e lọ sí ọsibítù, kó o sì wo inú ìkòkò rẹ dáadáa. Ọlọ́run tó ṣe tèmi á ṣe tìrẹ.

Fúnmi, bọ́ síwájú, kí wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Kí lo dì mọ́wọ́ yẹn? Ẹyin! Nínú báàgì Màmá? Ta ló ní kó o mú un?

Ẹ ò gbọ́ Màmá lẹ́yìn yẹn bí? Wọ́n ní àwọn ni àwọn rán an! Halelúyà!