Orúkọ Tí Mo Gé Kúrò Lára Ìwé Kókò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn kò dà nínú mi, òkúta ló dì. Dókítà ní oṣù Kejìlá lè má bá mi láyé, nítorí náà ni mo ṣe ń pọ̀ ọ́ síta fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ oko kókò ní yunifásítì wa ní Hawaii níbí. Èmi Melvin Arakaki, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ni mo ń gbé ìwé kíkà yín sórí kọ̀ǹpútà.

Òfin gbà wá láyè láti yọ díẹ̀ nínú ìwé onímọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láìtọrọ àṣẹ, bí kò bá ti kọjá ààlà. Fọ́ọ̀mù oníbéèrè mẹ́rin la fi ń wọ̀n ọ́n: kí la fẹ́ fi ṣe, irú ìwé wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ṣé kò ní ba ọjà ìwé náà jẹ́? Dókítà Pacheco, olùkọ́ yín, mú ìwé kan lórí oko kókò wá, ó ní orí kan péré lòun fẹ́. Mo gbé e síta. Lọ́dún kejì ó tún dé.

“Melvin, ọ̀rẹ́ mi, orí kejì ńkọ́?”

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní kó ìwé oníwèé tán báyìí?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣebí fọ́ọ̀mù tuntun lo máa kọ! Àbí o ti di lọ́yà?”

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orí méje ni ìwé náà ní, méjèèje ló wọlé, fọ́ọ̀mù méje, bí ẹni pé ìwé méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí ọ̀gá mi nílé ìkàwé má baà so wọ́n pọ̀, mo gé ojú ewé tí orúkọ òǹkọ̀wé wà dànù, mo pa orúkọ ìwé rẹ́ lórí gbogbo ojú ewé. Pacheco kò rán mi níyẹn o. Ọwọ́ ara mi ni.

Mi ò sì tíì dé ibi tó burú jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ó gbé ike poi kan, kókò oko rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gún, sórí tábìlì mi.

“Jẹun, ọmọ mi, o ti gbẹ jù. Èmi ni Wilma Naihe. Ogún ọdún ni mo fi rìn láàárín àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Waipiʻo kí n tó kọ ìwé kókò yẹn. Bá mi wò ó, ṣé ẹnì kankan ṣì ń kà á?”

“Àǹtí, ẹ jókòó.”

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé mẹ́ta ló ń kà á ní sáà yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí pé níbo. Mo bá yíjú sí àkọsílẹ̀ ìwé yíyá: ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ti yá a kẹ́yìn.

“Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń kà á.”

Kò sunkún. “Ẹn-ẹ́n. Mo ti rò bẹ́ẹ̀.” Ó dìde. “Fọ ike mi kó o tó dá a padà o.”

N kò dá a padà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi sin ín. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn igi. Láti ìgbà náà, èmi àti ike yẹn la jọ ń jẹun alẹ́.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó jókòó sórí àga mi, orí ìwé yòówù kí ẹ yọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ bá a lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ oko kókò, Wilma Naihe ló kọ èyí tí ẹ kà. Ẹ yà síbi sàréè rẹ̀, kí ẹ sọ orí tí ẹ fẹ́ràn jù fún un. Èmi ò lè sọ ọ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló gba ọwọ́ mi kọjá, ṣùgbọ́n n kò ka ìwé náà rí.