Wáyà Tí Mo Kì Bọ Àpótí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọkùnrin tí mo ṣẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni mo máa ń bójú tó ọ́fíìsì ilé-ìwé aládàáni kan ní Mowe. Mo ka yunifásítì, mi ò sì gba gbàkugbà. Wàsíù, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó yá yàrá ní Ibafo, ló fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo kíláàsì. Òun náà ló ṣe tẹlifóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pe géètì. Gbogbo wáyà náà parí sínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, tí iná rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú.

Ó máa ń bí mi nínú, mi ò ní parọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pẹ́ dé. Ògiri tó lu, èmi ni mo gbá erùpẹ̀ rẹ̀. Bébà tó lẹ̀ mọ́ wáyà, ìkọ̀wé ibẹ̀ kò ṣeé kà. Tí mo bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ máa fi ìbínú yín jó wáyà mi o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Madam tó ni ilé-ìwé ń bọ̀, mo ń tún ọ́fíìsì ṣe. Mo rí wáyà kan tí orí rẹ̀ kan wà nínú àpótí, tí ìkejì ń wọ́ nílẹ̀. Ó rí wúruwùru lójú mi. Mo ki orí kejì bọ ihò tó ṣófo nínú àpótí kan náà. Ìmọ́tótó ni mo pè é.

Kò pẹ́ rárá, gbogbo tẹlifóònù kú.

Mo kọ lẹ́tà sí Madam. Mo fi nọ́ńbà sí ẹ̀sùn Wàsíù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ìkẹrin ni pé kò mọ iṣẹ́. Madam ránṣẹ́ pe Wàsíù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un: "Mummy, ẹ jẹ́ kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò." Madam lé e lójú gbogbo wa, ó sì pe ilé-ìwé méjì tí Wàsíù ń bá ṣiṣẹ́ ní Ibafo, ó ní kí wọ́n lé e.

Lẹ́yìn tó lọ, mo rántí wáyà tí mo kì bọ àpótí, mo sì yọ ọ́. Gbogbo nǹkan padà sípò. Ìgbà yẹn ló yé mi: ohun tí àpótí ń rán jáde ló ń padà wọnú ara rẹ̀ láìdúró, títí ọ̀nà fi dí pa. Mo sọ fún Madam pé èmi ni mo tún un ṣe. Ó yìn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ifọ̀, mo gun ọ̀kadà. Wàsíù ló ń wà á. "Àǹtí ọ́fíìsì! Ẹ ṣé jàre. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú pé mi ò mọ iṣẹ́ yẹn. Mo ti ta gbogbo irinṣẹ́ mi." Kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Madam ti kú. Ilé-ìwé ti tì pa. Èmi tí mo mọ lẹ́tà ẹ̀sùn kọ, ta ni kí n kọ tèmi sí? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un, lẹ́yìn tó ti dúpẹ́?