Kòtò Kan, Wáyà Méjì

Kí n fọwọ́ sí kí ni? Àǹtí, ẹ dákun, ẹ gbé ìwé yẹn kúrò lórí tábìlì mi kí n tó fi nu ọwọ́! Àbí torí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín ni wọ́n ṣe rán yín, tí wọ́n mọ̀ pé mi ò lè lé yín jáde? Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìwé òṣìṣẹ́, ṣé ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀? Pé èmi olórí àwọn oníná ni mo jẹ̀bi iná tó kú lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣílé. Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Ẹ má ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Kí wọ́n gbọ́! Ṣé èmi ni mo hùwà ìtìjú ni?

Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ kó yé yín, torí ẹsẹ̀ yín ò tẹ ibi ìkọ́lé yẹn rí. Ilé yẹn, ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló máa gbé ibẹ̀, tọ̀sán-tòru, àwọn ilé ìwòsàn máa kó ìwé aláìsàn wọn sí i, iná ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa wáyà méjì wọ̀ ọ́, ọ̀kan á gba iwájú, ọ̀kan á gba ẹ̀yìn, wọn ò gbọdọ̀ pàdé lọ́nà, kó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan, èkejì á gbà á. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ iná lánàá mọ ìyẹn! Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà wa lórí kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá Aláwòrán, tí kò mọ̀ ju kó máa tan àwòrán sára ògiri kó máa fi igi nàka sí i, ó ní kòtò kejì máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ní kí a kó méjèèjì sínú kòtò kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó bá gbẹ́ ọ̀kan ti gbẹ́ èkejì nìyẹn." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá Oníná, méjì ṣáà ni méjì ń jẹ́." Gbogbo àwọn tó wà nípàdé bú sẹ́rìn-ín! Olórí òfìfo!

Mo kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ gba méjì níbẹ̀. Ẹ má wolẹ̀, Àǹtí, èmi ni kẹ́ ẹ wò.

Ọjọ́ ìṣílé wá dé. Ìgbìmọ̀ olùdarí wà nínú yàrá ẹ̀rọ, Ọ̀gá Aláwòrán ń sọ fún wọn pé iná ibẹ̀ ò lè kú láéláé, ẹnu ẹ̀ ò tíì pa dé tí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn biribiri! Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀? Èwo? Èyí tó ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀gá ò sì dúró dè kó tó ṣílé? Mo sáré jáde, mo bá katapílà níwájú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ki eyín bọlẹ̀, wáyà méjèèjì tú síta bí ìfun ẹran, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni kò pa ẹni tó ń wà á! Ta ló wá pe katapílà? Òun náà ni! Ó ní kí wọ́n gbin òdòdó, kí fọ́tò lè rẹwà. Òdòdó! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tó ṣu ló wá ń wá ẹni tó máa kó o yìí?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fa iná, kò sí ilé tí mo fọwọ́ kàn tó jóná. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, wọ́n á gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn, ta ló tún máa jẹ́ kí n sún mọ́ wáyà? Ẹ ní kí n ro ti àbúrò yín mọ́ ọn. Àbúrò yín ò ní kí n pa irọ́ mọ́ ara mi.

Kí lẹ sọ? Ẹ tún un sọ. Ilé kejì? Wọ́n ti fún Ọ̀gá Aláwòrán ní ilé kejì kọ́, ó sì ti ní òun máa fi wáyà kẹta kún un, kí irú èyí má ṣẹlẹ̀ mọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibo ni wáyà kẹta máa gbà?

Inú kòtò kan náà?

Hàà! Hahaha! Ẹ gbà mí o! Àǹtí, ẹ dì mí mú, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí! Inú kòtò kan náà! Ẹ má fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó yá, ẹ fún mi ní bírò. Rárá o, mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìwé wọn ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí, fún alága ìgbìmọ̀: kí wọ́n gbé iṣẹ́ ilé kejì lé mi lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n lé mi lónìí, kí n máa lọ. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ fún un.